Ilé Tí A Gbé àti Ayò Tí A Ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni àbọ̀ simi oko. Òwe yìí ti wọ̀ wá lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ ronú sí i mọ́. Nǹkan méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ilé tí ènìyàn ń padà sí, àti ìsinmi tí ó ń bá níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ilé ṣùgbọ́n tí kò rí ìsinmi nínú rẹ̀, ìdajì òwe náà ni ó ní lọ́wọ́.

Bí a bá jókòó ti àgbàlagbà kan, tí a sì ní kí ó ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ fún wa, iṣẹ́ tí ó ṣe ni yóò kọ́kọ́ sọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò ka ọmọ tí ó bí, oyè tí ó jẹ àti ilé tí ó kọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó ka gbogbo ilé tí ó ti gbé, pàápàá èyí tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó tún ṣọ̀wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó sọ ohun tí ó máa ń ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, nítorí a máa ń rò pé ọ̀rọ̀ eré kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n, mo fẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹ̀ wò pọ̀ lónìí. Irú ilé tí ènìyàn ń gbé ni ó ń sọ irú eré tí yóò ṣe. Irú eré tí ó bá sì ṣe ni yóò sọ bóyá yóò rí ẹni bá a jókòó nígbà tí agbára bá tán.

AGBO ILÉ ÀTI OJÚDE RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti ṣẹ̀ wá. Agbo ilé Yorùbá kì í ṣe ilé ẹnìkan. Àwọn ọmọ bàbá kan náà, àwọn ìyàwó wọn, àwọn ọmọ wọn, àti àwọn àlejò tí ó ti di ọmọ ilé ni wọ́n jọ ń gbé e. Yàrá ibẹ̀ kéré, ó sì ṣókùnkùn, nítorí pé oorun àti ẹrù pípamọ́ ni a ṣe é fún. Ibi tí ìgbé ayé ti ń lọ gan-an ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká, ojúde tí ó wà níwájú ilé, àti abẹ́ igi tí a gbìn sí ojúde náà. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ti ń dirun fún ara wọn, tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, tí wọ́n sì ń rànwú. Ẹni tí ó bá rò pé iṣẹ́ lásán ni irun dídì, kò tíì jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wáyé láàárín onídìrí àti ẹni tí ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọdé a gba ojúde lọ́wọ́ àgbà, àlọ́ a sì bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ọkùnrin, ayò ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ni wọ́n ti rí i. Ọpọ́n ayò ní ihò 12, mẹ́fà ní ọ̀dọ̀ ẹnìkan, mẹ́fà ní ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Ilé ni a ń pe ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ni a ń pe èso tí a ń kó sínú rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá kàn láti ta á yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé rẹ̀ kan, yóò sì máa jù wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ilé tí ó tẹ̀lé e. Bí ọmọ ìkẹyìn bá bọ́ sí ilé ẹnìkejì, tí ohun tí ó wà níbẹ̀ sì di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ wọ́n nìyẹn. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jẹ 25 ti borí.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí ó yẹ kí a fiyè sí. Ayò kò fẹ́ kí ilé ẹnìkejì ṣófo. Bí ọmọ bá tán pátápátá ní ọ̀dọ̀ ẹnìkan, tí ẹnìkejì rẹ̀ sì ní ọ̀nà tí ó lè gbà ta ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí ó gba ọ̀nà náà. Kò gbọdọ̀ jókòó ti ọrọ̀ tirẹ̀ kí ó máa wo ilé òfìfo. Ọgbọ́n àwọn baba wa ni pé eré kò lè máa lọ láàárín ẹni tí ó ní àti ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá.

Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ a kí àwọn tí ó ń ta ayò pé, "Mo kí ọ̀ta, mo kí ọ̀pẹ o." Àwọn náà a dáhùn pé, "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ kò gbọdọ̀ fọhùn." Ọ̀ta ni ẹni tí ó mọ ayò í ta, ọ̀pẹ sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Nídìí ọpọ́n, ọmọ ọdún 20 lè di ọ̀ta kí ẹni 70 ọdún di ọ̀pẹ. Ó lè fi àgbà ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí àwọn òǹwòran yóò fi rẹ́rìn-ín dọ́ba, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ó rí àgbà fín. Bí wọ́n bá ti dìde, oníkálukú a padà sí àyè rẹ̀, ọmọ a dọ̀bálẹ̀, bàbá a sì súre fún un.

ÌLÚ ŃLÁ DÉ

Nígbà tí iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ olùkọ́ àti iṣẹ́ rélùwéè mú àwọn ọ̀dọ́ kúrò ní agbo ilé, ilé mìíràn ni wọ́n bá pàdé. Wọ́n di ayálégbé. Ilé gbọọrọ ni, ọ̀nà tóóró gba àárín rẹ̀ kọjá, yàrá wà lápá ọ̀tún, yàrá wà lápá òsì, ilẹ̀kùn ń wo ilẹ̀kùn. Àwọn ènìyàn fi ṣe àwàdà, wọ́n ń pè é ní kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ. Ará Ìjẹ̀bú lè wà ní yàrá kan, kí ará Èkìtì wà ní èkejì, kí ará òkè Ọya wà ní ìkẹta, kí gbogbo wọn sì jọ máa lo ilé ìdáná kan.

Ìgbafẹ́ inú irú ilé bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti agbo ilé. Ní 1935 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn asọ̀rọ̀mágbèsì wọ ilé àwọn ènìyàn ní Èkó; ní 1939, ó dé Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn tí ó ní ẹ̀rọ yìí kò pọ̀ nígbà náà. Nítorí náà, ẹ̀rọ ẹnìkan ni gbogbo ojúlé máa ń wò. Bí eré Mósè Ọláìyá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, bá bẹ̀rẹ̀, fèrèsé ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n a kún fún orí ọmọdé. Ẹ̀rọ àjèjì ni, ṣùgbọ́n a ṣì ń wò ó pọ̀ bí ẹni ń gbọ́ àlọ́.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Èkó láàárín ìgbà náà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé mọ̀. Láti 1955 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé kan ní àárín Erékùṣù Èkó, kí wọ́n lè tún ibẹ̀ ṣe. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Òyìnbó onímọ̀ kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ilé tuntun náà mọ́ tónítóní, ó sì ní ètò. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti ń gbé láàárín ẹbí láti kékeré wá di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó rí ẹbí. Àwọn tí ó ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé pàdánù oníbàárà wọn. Ilé dára sí i, àjọgbé dínkù. Ohun tí ó dé bá wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó ti ń dé bá àwa yòókù díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà náà wá.

ÌRÒYÌN BÀBÁ OLÙKỌ́

Mo mọ bàbá kan tí ó fi ọdún 35 ṣe iṣẹ́ olùkọ́, láti 1963 títí di 1998. Ó ti lé ní ẹni 80 ọdún báyìí. Kò fẹ́ kí n dárúkọ òun, mo sì gbà fún un. Mo lọ kí i ní ilé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ka àwọn ilé tí ó ti gbé fún mi, kí ó sì sọ eré tí ó ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní owó ìfẹ̀yìntì ni àwọn ènìyàn máa ń bi òun léèrè, kò sí ẹni tí ó bi òun léèrè eré rí.

Ilé kìn-ín-ní ni agbo ilé bàbá rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì. Ẹ̀gbẹ́ òfì ni ọpọ́n ayò máa ń wà. Bí oòrùn bá mú, tí ara ro àwọn ahunṣọ, wọn a kúrò nídìí òfì bọ́ sí ìdí ọpọ́n. Bàbá ní, "Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìṣirò kí n tó dé ilé-ìwé. Ẹni tí kò bá lè fi ojú lásán ka ọmọ inú ilé, ọ̀pẹ ni yóò máa jẹ́."

Ilé kejì ni yàrá kan tí ó háyà ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ayálégbé mẹ́sàn-án ni wọ́n wà nínú ilé náà. Wọn kò ní ọpọ́n ayò níbẹ̀, dírááfù ni wọ́n ń ta ní ẹnu ọ̀nà, ìdérí ìgò sì ni wọ́n fi ń ṣe ọmọ rẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, wọn a kó ara wọn lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Liberty tí wọ́n ṣí ní 1960. Ọmọbìnrin kan ń gbé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní yàrá tí ó kọjú sí tirẹ̀. Òun ni ó padà fẹ́. Bàbá ní kò sí alárinà tí ó ṣe iṣẹ́ ju ilẹ̀kùn méjì náà lọ.

Ilé kẹta ni ilé ọ̀gá ilé-ìwé ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn, ní 1972. Yàrá méjì péré ni, ṣùgbọ́n kò ní odi. Ó gbin ọsàn síwájú rẹ̀, ó ń sin adìẹ, ó sì máa ń bá àwọn ọdẹ jáde nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi. Ó ní kì í ṣe nítorí ẹran ni òun ṣe ń bá wọn lọ bí kò ṣe nítorí ìjálá. Ìyàwó rẹ̀ a máa kó àwọn obìnrin abúlé jọ sábẹ́ igi ní ọ̀sán láti kọ́ wọn ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù IICC ti Ìbàdàn gba ife-ẹ̀yẹ kan fún gbogbo Áfíríkà ní 1976, iwájú ilé yẹn ni tọmọdé tàgbà péjọ sí láti gbọ́ ọ lẹ́nu asọ̀rọ̀mágbèsì rẹ̀.

Ilé kẹrin ni tirẹ̀. Ó ra ilẹ̀, ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ó bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ní 1979, ó sì kó wọ ibẹ̀ ní 1991. Yàrá mẹ́jọ ni, kí àwọn ọmọ lè rí ibi sùn bí wọ́n bá dé. Ní 1994, lẹ́yìn tí àwọn olè wọ ilé aládùúgbò rẹ̀, ó mọ odi tí ó ga ju orí ènìyàn lọ, ó sì fi géètì onírin sí i. Mo bi í pé eré wo ni ó wà fún ilé yìí. Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó fèsì.

Ó ní, "Ọmọ mi, fún ọdún 12 tí mo fi kọ́ ilé yìí, n kò ta ayò, n kò tẹ̀lé ọdẹ. Bí ọwọ́ mi bá dilẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni mò ń kà. Nígbà tí mo kọ́ ọ tán, mo ní kí n wá jókòó ṣe fàájì, mi ò rí ẹni tí a ó jọ ṣe é."

Ọmọ mẹ́rin ni ó bí. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan wà ní Àbújá, àwọn méjì yòókù wà ní òkè òkun. Ìyàwó rẹ̀ kú ní 2011. Yàrá mẹ́jọ, ẹnìkan ṣoṣo. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀ o. Wọ́n ń pè é lórí fóònù ní ọjọọjọ́ Àìkú, wọ́n sì ra tẹlifíṣọ̀n ńlá fún un. Bàbá ní, "Àwọn tí ó sọ ẹ̀rọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ orúkọ í sọ. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́, ṣùgbọ́n kò bi mí rí bóyá mo jí dáadáa."

Ní 2014, ó pe káfíńtà. Ó ní kí ó ri òpó mẹ́rin mọ́lẹ̀ níta géètì, kí ó kan páànù lé e, kí ó sì ṣe bẹ́ǹṣì méjì sábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọpọ́n ayò bàbá rẹ̀ jáde láti inú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í sùn. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, òun nìkan ni ó ń jókòó síbẹ̀. Nígbà tí ó yá, òjò lé àwọn ọlọ́kadà tí ó ń dúró de èrò ní oríta wá sábẹ́ páànù náà. Ọ̀kan nínú wọn mọ ayò díẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo débẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin àti káfíńtà náà ni ó yí bàbá ká, wọ́n ń pè é ní ọ̀pẹ, òun náà sì ń fún wọn lésì. Àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó ń padà lọ sílé dúró wòran. Bàbá bi ọ̀kan nínú wọn pé mélòó ni ó kù kí òun jẹ kí òun tó borí. Ọmọ náà ka ìka rẹ̀, ó sì gbà á.

Káfíńtà náà sọ fún mi pé ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí bàbá kò jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí ó fi di agogo mẹ́wàá, ọlọ́kadà kan ní ó yẹ kí àwọn kan géètì. Wọ́n kàn án títí, kò sí ìdáhùn. Wọ́n fo odi wọlé, wọ́n sì bá bàbá nílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè dìde. Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ sórí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọjọ́ náà. Ìpè àwọn ọmọ rẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Àwọn kan yóò sọ pé mo fẹ́ kí gbogbo wa padà sí agbo ilé. Rárá o. Ẹni tí ó bá gbé agbo ilé mọ̀ pé ìjà orogún wà níbẹ̀, òfófó wà níbẹ̀, àrùn sì máa ń tètè ràn láti yàrá sí yàrá. Èmi kò sì sọ pé kí a wó odi. Olè kò tíì tán nílùú, ẹni tí wọ́n bá sì ti jà lólè rí kì í fi géètì ṣeré. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí a mọ odi sílé, a mọ ọ́n mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ojúde, a kò sì wá nǹkan mìíràn rọ́pò wọn. Bí a bá ń ya àwòrán ilé, a máa ń bèèrè yàrá mélòó àti ilé ìwẹ̀ mélòó. Kí a máa bèèrè pẹ̀lú pé: níbo ni ẹni tí ń kọjá lọ yóò ti lè kí wa? Òpó mẹ́rin àti páànù díẹ̀ kò tó owó géètì.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì kí ẹ tó wá eré tí ẹ ó máa ṣe. Eré náà ní ìkọ́ṣẹ́ bí iṣẹ́ ti ní in. Ẹni tí kò ta ayò láti ẹni 40 ọdún títí di 60 yóò ṣòro fún kí ó tó rí ọ̀ta tí yóò bá a jókòó. Ẹ yan èyí tí kò ṣeé ṣe láìsí ẹlòmíràn. Ọgbà dára, ìwé kíkà dára, tẹlifíṣọ̀n náà ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn ìyá wa pẹ̀lú, bóyá ó tilẹ̀ kàn wọ́n ju bàbá lọ. Irun dídì ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ṣì ń rí ibi tàkúrọ̀sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò lè rìn jìnnà ti di ẹni tí ń dá jókòó. Ẹni tí ó bá mọ irun í dì nínú àwọn ọmọ-ọmọ, kí ó lọ jókòó ti ìyá àgbà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó di tirẹ̀ fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọpọ́n ayò kan ní kíláàsì kò lè ba ẹ̀kọ́ jẹ́. Ìṣirò wà nínú rẹ̀, sùúrù wà nínú rẹ̀, èdè Yorùbá tí ó dùn létí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí àwọn ọmọ lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá àgbà wọn pé ilé mélòó ni wọ́n ti gbé, àti pé kí ni wọ́n máa ń ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ẹ ó rí ìtàn tí kò sí nínú ìwé kankan.

Ní ti àwa tí àwọn òbí wa ń dá gbé inú ilé ńlá, ẹ jẹ́ kí a rántí òfin ayò. Bí ilé ẹnìkejì bá ti ṣófo, tí ọmọ sì wà lọ́wọ́ wa, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó ti tiwa. Kí Elédùmarè jẹ́ kí gbogbo wa rí ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn wa ní ọjọ́ alẹ́.